Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn ní Ìbàdàn Ṣe Lè To Ọ̀sẹ̀ Rẹ̀ Kí Ọjọ́ Àbámẹ́ta Tó Dé

Òpin ọ̀sẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kò bá yà sọ́tọ̀ láti ọjọ́ Ajé kì í dúró dè é ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọdún méjì gbáko ni mo fi gbé ní Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé bí mo bá ti ka ìwé tán ni n óò bá àwọn ọ̀rẹ́ mi jáde. Ọdún méjì náà lọ, n kò mọ ọ̀nà Mápó, ìwé kò sì tán. Nígbà tí mo wá dé wọ́ọ̀dù, tí ìyá àgbàlagbà kan sọ fún mi pé Lánlátẹ̀ ni òun ti wá, tí n kò sì mọ̀ bóyá wákàtí kan ni ọ̀nà ibẹ̀ tàbí odindi ọjọ́ kan, ni ó tó yé mi pé ohun tí mo ti pàdánù ju fàájì lọ. Dókítà tí kò mọ ìlú tí aláìsàn rẹ̀ ti wá yóò máa sọ fún un pé kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, láìmọ̀ pé owó ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ náà ni wọ́n fi ra oògùn ti ọ̀sẹ̀ yìí.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹ̀yin àbúrò wa. Mo fẹ́ sọ bí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi márùn-ún ṣe ń to ọ̀sẹ̀ wa láti ìgbà náà, bí a ṣe ń kó owó jọ, ibi tí a ń lọ, àti ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún lójú ọ̀nà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọdún tí ẹ wà

Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà gbà, ṣùgbọ́n ẹrù ọdún kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ọdún àkọ́kọ́ jọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí ó gbòòrò díẹ̀ sí i. Ní ọdún kejì àti ìkẹta ni ẹrù náà ń wúwo, nítorí pé ẹ óò máa kọ́ anátọ́mì (ìmọ̀ ẹ̀yà ara), fisiọ́lọ́jì (bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́) àti báyókẹ́místrì (ìmọ̀ kẹ́míkà inú ara) lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ óò máa la òkú ní yàrá anátọ́mì, òórùn fọ́málìnì tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú kí ó má bàa jẹrà yóò sì bá yín dé orí ibùsùn. Ìdánwò ńlá ni ó wà ní ìparí apá yìí, òun ni ó sì ń pinnu ẹni tí yóò kọjá sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá ti ku oṣù méjì kí ìdánwò náà dé, mo rọ̀ yín kí ẹ má ṣe rin ìrìn àjò kankan tí ó ju ìdajì ọjọ́ lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe fi ìdajì ọjọ́ náà du ara yín.

Láti ọdún kẹrin ni ẹ óò máa gbé ní Alexander Brown Hall, ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí ó wà nínú ọgbà UCH, ilé ìwòsàn ńlá tí a ti ń kọ́ iṣẹ́, fúnra rẹ̀. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé ẹ lè jí ní aago méje kí ẹ sì wà ní wọ́ọ̀dù ní aago mẹ́jọ. Ewu ibẹ̀ ni pé ilé ìwòsàn ni ẹ óò máa rí láti ojú fèrèsé nígbà tí ẹ bá jí àti nígbà tí ẹ bá ń sùn. Mo mọ ẹni tí ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìkọjá ẹnubodè ọgbà náà. Kò ṣàìsàn, kò sì ní iṣẹ́ tí ó ju tiwa lọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí ohunkóhun tí ó fà á jáde. Nítorí náà, ẹni tí ó wà ní Alexander Brown nílò ìjáde ju ẹni tí ó ṣì wà ní ilé ibùgbé Kuti tàbí Queen Idia nínú yunifásítì lọ, níbi tí èèyàn ti ń bá akẹ́kọ̀ọ́ òfin àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ jẹun pọ̀ lójoojúmọ́.

Bí a ṣe ń to ọjọ́ iṣẹ́

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ ohun mẹ́ta sí i ṣáájú ohun gbogbo: ọjọ́ tí ẹ ní kọ́ọ̀lù, ìyẹn ọjọ́ tí ẹ̀ka yín yóò máa gba aláìsàn tuntun mọ́jú, ọjọ́ tí ìdánwò kékeré bá wà, àti wákàtí tí ẹ óò jáde ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó wá fi ìwé kíkà sí àárín wọn. Bí kọ́ọ̀lù bá bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ tètè sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín kí wọ́n lè sún ìjáde náà sí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nítorí pé ẹni tí ó bá sọ ọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà ni ó ba ti gbogbo èèyàn jẹ́.

Ìwé kíkà tí ó ń dúró lọ́kàn ní ilé ìwòsàn ni èyí tí ẹ bá so mọ́ èèyàn. Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti sọ di arọ lápá kan ní òwúrọ̀, ẹ ka ìwé nípa àrùn rọpárọsẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kì báà jẹ́ ojú ewé mẹ́rin péré. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ pa ìwé dé kí ẹ gbìyànjú láti sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi ìbéèrè ọdún àtẹ̀yìnwá dán ara yín wò. Èyí gba àkókò díẹ̀ ju kí ẹ máa fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo gbólóhùn láti alẹ́ títí di ìdájí, ó sì ń jẹ́ kí ẹ rí wákàtí méje sùn, èyí tí ó kéré jù tí àgbàlagbà nílò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi àìsùn yangàn. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, títí mo fi tòògbé níwájú aláìsàn tí ó ń sọ ìtàn bí ọmọ rẹ̀ ṣe kú fún mi. Ojú tì mí gidigidi, ó sì ṣì ń dùn mí títí di òní.

Àwọn àgbà ní kí sobìà tó degbò ni a ti ń ké pe olúgàmbe. Bí ẹ bá rí i pé oúnjẹ kò wù yín mọ́, tí ẹ ń bínú sí àwọn nọ́ọ̀sì láìnídìí, tí ẹ sì ń ka ojú ewé kan náà nígbà mẹ́ta láìgbọ́ ohun tí ó sọ, ẹ má ṣe dúró de òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn títí dé Mọ́kọ́lá, kí ẹ jẹ ọ̀sàn, kí ẹ sì padà. Bí ó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí kò sì dẹwọ́, ẹ lọ rí dókítà bí ẹ óò ti sọ fún aláìsàn tiyín pé kí ó lọ.

Kí oòrùn ọjọ́ Ẹtì tó wọ̀, ẹ rí i pé ìwé àkọsílẹ̀ tí àwọn ọ̀gá máa ń buwọ́ lù ti pé. Ìwé yìí ni ó ń ba òpin ọ̀sẹ̀ jẹ́ jù lọ, nítorí pé ẹni tí ó bá sún un síwájú yóò wá máa lépa ọ̀gá kiri wọ́ọ̀dù ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àwọn ọ̀rẹ́ àti owó

Ẹgbẹ́ tí ó bá ju èèyàn mẹ́fà lọ kì í tètè kúrò nílé, èyí tí kò bá sì tó mẹ́ta, owó ọkọ̀ a máa wúwo fún un. Mẹ́fà ni wá: mẹ́rin láti inú kíláàsì wa, ẹnìkan tí ó ń kọ́ ìmọ̀ òfin, ẹnìkan tí ó ń kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀. Àwọn méjì tí kì í ṣe oníṣègùn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé àwọn ni ó ń dá wa lẹ́kun nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín nídìí oúnjẹ. A tún ní òfin kan: ẹni tí ó bá mú ìwé wá sí ìrìn àjò ni yóò san owó omi fún gbogbo wa.

Ní ti owó, àjọ ni a ń dá. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fi iye kan náà sọ́wọ́ akápò, iye tí ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù láàárín wa lè san láìjẹ gbèsè. Ìgbà ìjáde kékeré, a kì í fọwọ́ kàn án. Ìgbà ìrìn àjò ńlá, ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù méjì, ni a ń kó o. Akápò ń yí padà ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ka ìṣirò rẹ̀ sí etí gbogbo wa. Mo fi èyí sí i nítorí pé mo ti rí ọ̀rẹ́ tí ó tú ká nítorí owó epo ọkọ̀. Bí ẹnìkan nínú yín kò bá rí owó san ní oṣù kan, ẹ jẹ́ kí akápò nìkan mọ̀, kí ó sì bá yín lọ.

Ìdajì ọjọ́ nínú ìlú

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ lọ ni Òkè Ààrẹ, níbi tí ilé ìṣọ́ Bower wà, èyí tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní Láyípo nítorí àtẹ̀gùn rẹ̀ tí ó ń yí po lọ sókè. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹ wọ táksí Mícrà láti ẹnubodè UCH lọ sí Bẹẹrẹ, kí ẹ sì béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn ìyá tí ń tajà. Nígbà tí ẹ bá dé òkè, ẹ má ṣe kàn ya àwòrán kí ẹ sì sọ̀kalẹ̀. Ẹ wo àwọn òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà, bí wọ́n ṣe sún mọ́ra, kí ẹ wá ibi tí ọ̀nà ọkọ̀ dé àti ibi tí kò dé, kí ẹ sì bi ara yín léèrè bí aboyún tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí ní òru yóò ṣe kúrò láàárín agbo ilé wọ̀nyẹn. Láti ibẹ̀, ẹ lè fi ojú wá Yemẹtu, níbi tí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ wà, ibi tí àwọn tí ó ṣáájú wa ti kọ́ iṣẹ́ kí UCH tó ṣí ní 1957. Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, kò jìnnà. Ẹ lè parí rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà.

Ọjà Bódè ni èkejì, níbi tí àwọn lékuléja ti ń ta ewé, egbò àti èèpo igi. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí kò bá dé ibẹ̀ rí kò tíì mọ ìdajì ohun tí aláìsàn rẹ̀ ń lò. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ ọmọlúàbí, ẹ ra nǹkan díẹ̀, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n ń lò fún jẹ̀díjẹ̀dí, fún làkúrègbé, fún ibà. Ìyá kan níbẹ̀ fi sùúrù ṣàlàyé fún wa pé orúkọ tí èèyàn fún àìsàn rẹ̀ ni ó ń sọ irú àgbo tí yóò rà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo aláìsàn, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, irú àgbo tí wọ́n ti mu kí wọ́n tó wá, nítorí pé òmíràn lè pa kíndìnrín lára tàbí kí ó bá oògùn ilé ìwòsàn jà. Bí ẹ bá béèrè pẹ̀lú ìbínú, wọn yóò ní àwọn kò mu nǹkan kan.

Bí ó bá jẹ́ ìsinmi lásán ni ẹ ń wá, Agodi Gardens sún mọ́ UCH, ọgbà ẹranko sì wà nínú yunifásítì fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ afẹ́fẹ́ tí kò ní èéfín ọkọ̀, ẹ lọ sí IITA lọ́nà Mọ́níyà, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, tí igbó rẹ̀ ṣì kún fún ẹyẹ; ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè fún àyè kí ẹ tó lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú ní Bódìjà. N kò ní sọ ilé oúnjẹ tí ó dára jù; ìjà ni ọ̀rọ̀ náà máa ń dá sílẹ̀ láàárín wa.

Ìrìn àjò ọjọ́ kan

Abẹ́òkúta ni mo fẹ́ràn jù fún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Gbogbo èèyàn ni ó ń lọ sí Olúmọ, ó sì yẹ kí ẹ gùn ún, ṣùgbọ́n ẹ yà sí Lántòrò kí ẹ wo Sacred Heart, ilé ìwòsàn tí àwọn míṣọ́nárì ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní 1895. Ẹ tún kọjá ní Arò. Níbẹ̀ ni Adéoyè Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1954, tí ó jẹ́ kí àwọn tí ọpọlọ wọn kò balẹ̀ máa gbé ní abúlé ìtòsí pẹ̀lú ẹbí wọn, láàárín àwọn ará abúlé, dípò kí wọ́n wà lẹ́yìn ògiri. Ìròyìn ètò yìí dé gbogbo àgbáyé. Ó wú mi lórí púpọ̀ láti dúró lójú ọ̀nà yẹn, nítorí pé ohun tí àwọn ẹbí aláìsàn máa ń ṣe ní wọ́ọ̀dù wa títí di òní, tí wọ́n ń sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ohun tí ó fi kọ́ ètò rẹ̀.

Òṣogbo dára fún ẹni tí ó fẹ́ rìn lábẹ́ igi. Igbó Ọ̀ṣun wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ti àjọ UNESCO láti 2005. Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ní omi Olúmirìn tí ń dà láti orí òkè, tí ó ní ìpele méje, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì kọjá ìpele kejì. Adó-Àwáyè, tí adágún Ìyákẹ́ wà lórí òkè rẹ̀, gba agbára. Ẹ fi bàtà tí ó di ẹsẹ̀ mú gùn ún. Ìdáǹrè jìnnà, àtẹ̀gùn òkè rẹ̀ sì ju 600 lọ, nítorí náà ẹ dúró di ìgbà ìsinmi.

Òpin ọ̀sẹ̀ ní Ìgbó-Ọrà

Ọdún 1963 ni yunifásítì wa bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera Ìbàràpá, gbogbo yín ni yóò sì lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní Ìgbó-Ọrà láti kọ́ ìṣègùn àwùjọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń sá wá sí Ìbàdàn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí àwọn ọ̀rẹ́ yín tí ó wà ní Ìbàdàn wá bá yín, kí wọ́n gba Ìdó, Ẹ̀rúwà àti Lánlátẹ̀ kọjá, kí wọ́n sì mọ bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó fún ẹni tí inú ń run.

Ìlú ìbejì ni Ìgbó-Ọrà. Kò sí ọjà tí ẹ óò dé tí ẹ kò ní rí Táíwò àti Kẹ́hìndé. Iṣẹ́ ìwádìí dókítà Patrick Nylander fi hàn pé ìbejì tí à ń bí ní ilẹ̀ Yorùbá tó 45 sí 50 nínú 1000 ìbímọ, iye tí ó pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé lọ fíìfíì. Àwọn ará ìlú yóò sọ fún yín pé ọbẹ̀ ìlasa ni ó fà á, wọn yóò sì bù ú fún yín. Ìwádìí kò tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ ẹ́, ó dùn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ gun ọ̀kadà lọ sí Ìdèrè tí kò jìnnà. Ibẹ̀ ni sobìà ti yọ àwọn èèyàn lẹ́nu fún ọdún pípẹ́, nítorí omi tí wọ́n ń mu, ibẹ̀ sì ni àwọn olùkọ́ wa ti bá wọn ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé sobìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Bàbá àgbàlagbà kan fi àpá ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn wá lábẹ́ igi, ó sì sọ iye ọdún tí kò fi lè dé oko ní àkókò ìkórè. Ìwé mi kò sọ ọ̀rọ̀ ìkórè fún mi rí.

Ohun tí ẹ óò dì sínú àpò, àti ìgbà tí ẹ óò padà

Ẹ má ṣe rìn lóru. Ẹ kúrò ní aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀, kí ẹ sì ti wọ ọkọ̀ ìpadàbọ̀ kí ó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, kódà bí ibi tí ẹ wà bá dùn. Ọkọ̀ wa dákú lẹ́ẹ̀kan ní ojú ọ̀nà tí kò sí ilé kankan, ìdí kan ṣoṣo tí ẹ̀rù kò fi bà wá ni pé ilẹ̀ kò tíì ṣú. Ẹ fi orúkọ ibi tí ẹ ń lọ àti nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnìkan tí kò bá yín lọ. Ẹ di omi mímu, páálí ORS díẹ̀ (iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi fún ẹni tí ń yàgbẹ́ gbuuru), aṣọ tí a fi ń di ọgbẹ́, àti àwọ̀n ẹ̀fọn bí ẹ óò bá sùn síta. Ẹ má ṣe lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún tàbí odò tí kò ṣàn, nítorí pé ìgbín inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń jáde láti wọ awọ ara. Ẹ̀yin ni ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ abúlé ní èyí, ó yẹ kí ẹ pa á mọ́. Ẹ má sì wọ aṣọ funfun ilé ìwòsàn jáde láé, nítorí kòkòrò àrùn tí ó wà lára rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ ilé. Ẹni tí yóò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ẹni tí yóò sinmi sùn. Ẹ pe ìyá àti bàbá yín lórí fóònù kí ó tó di alẹ́, ẹ fọ aṣọ funfun náà, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ kó kálàmù àti ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àyà aláìsàn sí àpò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé ọ̀sẹ̀ jáde, ẹ kọ ọjọ́ kọ́ọ̀lù, ẹ kọ ọjọ́ ìdánwò, kí ẹ sì fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ yín kí ẹ tó sùn: níbo ni à ń lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mélòó sì ni a óò pàdé ní ẹnubodè?